Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tí Ó Ṣí ní Òru, àti Orin tí Ó Ń Bá Aláṣẹ Wí

Lẹ́tà tí ó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju àyè tí a ní lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀) ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan títí di ọ̀gànjọ́, ó pàtẹ iṣẹ́ ọnà tí ó ń fi ẹ̀hónú hàn sí àwọn aláṣẹ, ó sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ akọrin kọrin nínú àgbàlá. Àwọn kan dúpẹ́, àwọn kan bínú, àwọn mìíràn sì fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìlú tiwọn. A mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, a gé wọn kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n pamọ́.

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣòwò ni mí ní ọjà Ouando, mo sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọmọ ọmọ mi ni ó mú mi lọ síbẹ̀. Mo rò pé ohun àwọn ọba àtijọ́ ni n ó rí, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń gbé kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, ni mo bá lára ògiri. Wọ́n ti gé e ní ojú àti ẹnu, wọ́n sì pè é ní iṣẹ́ ọnà. Níta, àwọn ọmọdé ń fi àwọn tí ó wà ní ìjọba kọrin. Ṣé ibi tí a kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ni ó yẹ kí irú èyí ti máa ṣẹlẹ̀? Ṣé kì í ṣe àṣà Òyìnbó ni a tún ń gbé wọlé?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Mo dúpẹ́ pé ẹ lọ fi ojú ara yín rí i, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa àfihàn yìí ni kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ òru àti orin ìbáwí ṣáájú, torí pé ní ti èyí, a kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ní Kétu àti ní àwọn ìlú Yorùbá tí ó yí i ká, bí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá dé, òru ni a fi ń ṣe Ẹ̀fẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Gbangba ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é. Tètèdé á kọ́kọ́ jáde, á ké sí ẹnìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ yóò yọ láàrin òru pẹ̀lú ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àti ṣaworo lẹ́sẹ̀, gbogbo ọjà yóò sì pa rọ́rọ́ láti gbọ́ ohun tí ó mú wá. Kì í fi ìbáwí bẹ̀rẹ̀. Yóò júbà àwọn òrìṣà, yóò júbà àwọn ìyá wa, yóò júbà àwọn àgbà àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ nínú iṣẹ́ orin. Ìgbà tí ó bá júbà tán ni yóò tó mú ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú, tàbí ẹni tí ó gba ilẹ̀ ọmọ òrukàn, tí yóò fi í kọrin lójú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Àwọn agbérin yóò gbà á, àwọn ènìyàn yóò sì ti há a sórí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí orin bá bá wí lè bínú, ṣùgbọ́n àṣà kò gbà á láyè láti fi ìyà jẹ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ nítorí ohun tí ó sọ ní òru náà. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, tí wọ́n sì tún kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, orin àti ọ̀rọ̀ ẹnu yìí wà lára ohun tí wọ́n kà sí.

Kì í sì í ṣe Ẹ̀fẹ̀ nìkan. Ní Abẹ́òkúta, láàrin 1947 sí 1949, orin wà lára ohun ìjà tí àwọn obìnrin fi dojú kọ owó orí àti Aláké, Funmilayo Ransome-Kuti ni ó sì ṣáájú wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀. Oníṣòwò bíi tiyín ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tí ayé mọ̀ mọ iṣẹ́ yìí ni Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ wa níbí, tí a bí ní 1962 ní ìdílé Yorùbá. Láàrin 1997 sí 2005 ni ó ṣe iṣẹ́ kan tí ó pè ní La Bouche du Roi, ìyẹn orúkọ ibi tí odò Mono ti ń wọ òkun ní orílẹ̀-èdè wa. Ó to kẹ́ẹ̀gì 304 sórí ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú àti ẹnu bí ènìyàn, ní irú ọ̀nà tí wọ́n fi to àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Brookes, èyí tí àwọn tí ó ń jà fún òpin òwò ẹrú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Òórùn èròjà wà nínú iṣẹ́ náà, ohùn ènìyàn wà níbẹ̀, fíìmù àwọn tí ó ń gbé kpayo lórí alùpùpù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó rà á, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní 2007, nígbà tí ó pé igba ọdún tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí òwò ẹrú.

Ìyá wa, ẹ mọ kẹ́ẹ̀gì yẹn ju olùṣọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan lọ. Ẹ ti rí àwọn ọmọ tí ó ń gbé e bọ̀ láti ọ̀nà Ìgòlò ní ẹnubodè Nàìjíríà, tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ alùpùpù títí tí a kò fi rí alùpùpù mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n a máa yá kẹ́ẹ̀gì náà níná kí ó lè wú, kí ó lè gba epo ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, títí tí ara rẹ̀ yóò fi fẹ́lẹ́ tí yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Ohun tí oníṣẹ́ ọnà ń sọ nìyẹn: pé wọ́n ń lo ọmọ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń lo kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n ń rù ú kọjá agbára rẹ̀, tí wọ́n sì ń jù ú nù nígbà tí ó bá bẹ́. Bí ẹ bá tún lọ, ẹ dúró níwájú ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ wo ibi ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti dúdú fún epo.

Ní ti pé ohun àwọn ọba nìkan ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, n kò gbà pẹ̀lú yín. Ààfin Ọba Toffa, tí ó jọba láti 1874 sí 1908, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Honmè, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú yìí náà ni àwọn ènìyàn ti kọ̀ ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 1923 láti san owó orí tí ìjọba Faransé fi kún, tí àwọn oníṣòwò dá ọjà dúró, tí wọ́n sì kó sójà wá bá wọn. Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́, tí ó ti tẹ ìwé ìròyìn jáde láti fi ìwà àwọn aláṣẹ Faransé hàn, ni wọ́n lé lọ sí aṣálẹ̀ Mọriténíà fún ọdún mẹ́wàá nítorí rẹ̀. Bí a bá tọ́jú àga ọba, tí a kò tọ́jú ìrántí àwọn tí ó sọ pé àwọn kò san, ìdajì ìtàn ìlú ni a tọ́jú.

Ohun kan ṣoṣo ni ó dùn mí ní alẹ́ náà, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ó ni àfihàn kà á níbí. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin tí ó ń ta àkàsà àti ẹja díndín jókòó síta. Orin tí ó ń dún nínú àgbàlá ń sọ nípa owó tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn obìnrin náà sì ń mi orí sí i. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó ti wọlé. Ó ní òun rò pé àwọn tí ó gbọ́ Faransé ni wọ́n pè. Kò ṣì í sọ: gbogbo àlàyé tí ó wà lábẹ́ àwọn iṣẹ́ ọnà, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sí Gùn, kò sí Yorùbá. Iṣẹ́ ọnà tí ó ń gbèjà ẹni tí ń ta àkàsà, tí ẹni náà kò lè wọlé wò, tí kò sì lè yé e bí ó bá wọlé, kò tíì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ọjà ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, èdè ọjà ni ó sì ń sọ. Bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá fẹ́ gba iṣẹ́ yẹn ṣe, kí ó gbà á tòun ti ojúṣe rẹ̀.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Kétu. Mo fẹ́ mọ ibi tí ṣíṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní alẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní òkè òkun, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun ìwọ́de, nígbà tí ó jẹ́ pé páálí àti àkísà ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn.

Ìdáhùn: Ìlú Berlin ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ Òru Gígùn ti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1997, àwọn ìlú mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní 2005, ilé iṣẹ́ ìjọba Faransé tí ó ń mójú tó àṣà sọ ọ́ di ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń ṣe pa pọ̀ ní oṣù karùn-ún ọdọọdún, ní àsìkò ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà, tí ó jẹ́ ọjọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé láti 1977. Ìdí rẹ̀ rọrùn: ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kì í ráyè wọ ilé tí ó ń tì ní aago márùn-ún.

Ìbéèrè yín kejì ni ó wù mí jù. Láti oṣù keje ọdún 2014 sí oṣù kejì ọdún 2015, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a mọ̀ mọ ohun ọ̀ṣọ́ àti aṣọ olówó iyebíye, ṣe àfihàn ohun tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn ṣe láti fi tako aláṣẹ. Aṣọ tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Chile rán wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí sójà gba ìjọba níbẹ̀ ní 1973, tí wọ́n sì ń gbé ọkọ àti ọmọ àwọn ènìyàn lọ tí a kò rí wọn mọ́, àwọn obìnrin kó àjákù aṣọ jọ, wọ́n rán an di àwòrán: ilé, òkè, oòrùn, àti àwọn ìyá tí ó ń béèrè ibi tí ọmọ wọn wà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wò ó yóò rò pé iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, ìyẹn sì ni ó jẹ́ kí wọ́n rí i gbé kọjá ẹnubodè láti fi sọ fún ayé. Apata tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Ítálì gbé ní 2010 náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n kùn bí ẹ̀yìn ìwé, tí wọ́n sì kọ orúkọ ìwé sí, kí ó lè jẹ́ pé ìwé ni ọlọ́pàá yóò máa fi kóńdó lù níwájú kámẹ́rà. Ìbòjú tí àwọn ènìyàn fi ike omi ṣe ní Istanbul ní 2013 láti gba ara wọn lọ́wọ́ tajútajú wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Páálí àti àkísà ṣeé tọ́jú bí ìwé àtijọ́ ṣe ṣeé tọ́jú. Ohun tí ó ṣòro láti tọ́jú ni ohùn àwọn tí ó gbé e. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kó ohun ìwọ́de jọ gbọ́dọ̀ wá ẹni tí ó ṣe é rí nígbà tí onítọ̀hún ṣì wà láàyè, kí ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó béèrè ohun tí ó béèrè fún nígbà náà àti bóyá wọ́n fún un. Àwọn tí ó wọ́de ní 1989 ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn olùkọ́ tí a kò san owó oṣù fún àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọn dúró, títí tí ó fi yọrí sí Ìpàdé Gbogbogbòò ti oṣù kejì 1990, púpọ̀ nínú wọn wà nínú ilé wa báyìí, wọ́n ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n kí ẹ tó lọ wá páálí. Bí ẹ bá sì dé Èkó, ẹ ya ilé Kalakuta ní Ìkẹjà, ilé tí Fela gbé kẹ́yìn, tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2012. Yàrá rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, sàréè rẹ̀ sì wà ní iwájú ilé.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì fẹ́ lọ sí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni wá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ bá a lọ, bàbá. Ẹ kírun Ìṣáì tán kí ẹ tó jáde, kí ẹ wo àwọn iṣẹ́ inú ilé kí orin tó gbóná, kí ẹ sì bá onísémídján (ọlọ́kadà) tí ẹ mọ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, torí pé ọkọ̀ kì í yá lẹ́yìn aago mọ́kànlá. Ọmọ tí ó bá bá bàbá rẹ̀ wo àwòrán tí ó ń béèrè ìbéèrè yóò máa bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè ní ojú ọ̀nà, èyí sì sàn ju kí ó máa bi fóònù lọ.

Ìbéèrè: Mo ya fídíò ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà, mo sì gbé e sórí Facebook. Ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ ní kí n yọ ọ́ kúrò. Ṣé mo ṣẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ akọrin náà bóyá ó fẹ́ kí ó wà níbẹ̀, torí òun ni ojú rẹ̀ wà níta, kì í ṣe ẹ̀yin. Orin tí ènìyàn kọ láàrin igba ènìyàn ní àgbàlá yàtọ̀ sí orin tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún yóò gbọ́ láìmọ ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé orílẹ̀-èdè wa ní òfin lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì láti 2018, èyí tí ó fi ìjìyà lé orí àwọn ọ̀rọ̀ kan tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, títí kan irọ́ tí a bá pa mọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n sì ti lo òfin náà fún àwọn oníròyìn rí. Bí orin náà bá dárúkọ ẹnìkan, tí ó sì fi ẹ̀sùn kàn án, ẹ wo ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ sí abẹ́ fídíò náà dáadáa, kí ẹ sì bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ibi iṣẹ́ kọ́ ni adájọ́. Bí akọrin bá gbà, tí ọ̀rọ̀ yín kò sì ní irọ́ nínú, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni wá ní Ṣábẹ̀. Ẹbí kan yọ̀ǹda ilé àtijọ́ kan fún wa láti ṣe irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà sì yá wa ní aṣọ, ère àti ìwé àtijọ́. Kí ni kí a ṣọ́ra fún? Ọ̀rọ̀ kan tún wà: oníṣòwò kan fẹ́ san owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti iná fún wa, ṣùgbọ́n ó ní kí a yọ orin kan kúrò, èyí tí ó ń sọ nípa bí wọ́n ṣe ń ta ilẹ̀ ìlú.

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n yá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ni í àti ibi tí ó ti sán tàbí tí ó ti ya, kí ẹ̀yin àti onítọ̀hún sì jọ fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè bóyá èyí tí ojú gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ rí wà nínú wọn; bí àgbà bá ní kí ẹ má pàtẹ rẹ̀, ẹ má pàtẹ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá aṣọ àti ìwé: àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé wọn kọjá 50 lux, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ yàrá tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, torí pé aró tí ó bá ti ṣí kì í padà. Ẹ lo gílóòbù LED, kí ẹ gbé e jìnnà, kí ẹ sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù tan iná sí wọn. Àgbàlá ni kí orin wà, kì í ṣe yàrá tí ère wà, nítorí ohùn ìlù ńlá láti inú ẹ̀rọ a máa mi pẹpẹ títí ère yóò fi rìn dé etí rẹ̀ tí yóò sì já bọ́. Jẹnẹrétọ̀ níta, lẹ́yìn ilé, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé èéfín rẹ̀ wọlé. Oúnjẹ níta pẹ̀lú, nítorí èèrà àti aáyán.

Ẹ fi ìwé tó ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú létí tipẹ́tipẹ́, kí ẹ sì lọ kí Ọba Oníṣábẹ̀ láàfin kí ẹ tó lẹ ìwé ìkéde kankan. Ẹ kọ àlàyé ní Yorùbá, bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Ṣábẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan sì dúró ní yàrá kọ̀ọ̀kan láti kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹ má gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń tajà níta. Ẹ pè wọ́n wọlé kí èrò tó dé.

Ní ti oníṣòwò náà, ẹ dá owó rẹ̀ padà. Mo mọ̀ pé ó nira láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí kò ní owó, mo sì mọ iye tí wọ́n ń gbà láti yá ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ orin yẹn, gbogbo ìlú yóò mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ pé ẹ yọ ọ́, kò sì sí orin tó kù tí wọn yóò gbà gbọ́. Ilé tí ẹbí yẹn yọ̀ǹda ní àgbàlá, ìlù kò nílò ẹ̀rọ nínú àgbàlá tí ògiri yí ká, àwọn iná díẹ̀ tí ó tó fún yàrá mẹ́ta kò sì ju ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ lè dá lọ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá owó náà padà, kí àgbà kan bá yín lọ, kí ẹ sì pe oníṣòwò náà wá. Ẹ fi í sórí àga iwájú. Kí akọrin júbà, kí ó kọ orin ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ bá kàn láyè láti dìde fèsì kí orin mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní ìwé ilẹ̀, kí ó mú un dání, kí ó kà á sí etí ìgbọ́ gbogbo wọn.